Àwọn Tó Ń Dúró Lẹ́nu Géètì Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí kò rí ọmọ mi gbé,

Ọ̀sán Fúráìdè ni mo ń kọ ìwé yìí sí yín, lórí tábìlì kékeré tó wà nídìí sítóòfù wa. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn máa ń sùn tán táá lọ, nítorí láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń sùn dáadáa. Mi ò níṣẹ́ mọ́ ni. Títí, ọmọ mi, wà nílé ìwé, bàbá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí downtown láti tún lọ béèrè iṣẹ́, èmi nìkan ló wà nínú basement yìí, yàrá abẹ́ ilé tí à ń gbé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní chinook ti ń fẹ́ láti àná. Snow ń yọ́ lórí òrùlé, omi rẹ̀ ń kán sẹ́bàá fèrèsé bí ẹ̀yìn òjò ní Iléṣà. Bí mo bá di ojú, ó máa ń dà bíi pé ẹ wà ní pálọ̀, tí ẹ ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò yín fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín lọ̀ ọ́.

Títí ti pé ọdún mẹ́fà. Fọ́tò rẹ̀ nìkan lẹ rí, nítorí ìkókó ni nígbà tí ẹ kú, n ò sì lè gbé e wá sílé fún ìsìnkú yín. Wọ́n ní inú Bíbélì yín lẹ tọ́jú fọ́tò náà sí. Ojú ewé wo lẹ fi sí? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ béèrè, n ò sì rí ẹni tó lè dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Reverend Haddow ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary níbí, ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣe engineer ní downtown dá èèyàn púpọ̀ dúró, òun náà sì wà níbẹ̀. A ní láti kó lọ síbi tí owó ilé ò ti wọ́n. Mo rí ìkéde ilé kan ní Forest Lawn nínú ìwé ìròyìn, mo fi fóònù pe onílé, ó ní ilé wà, ká máa bọ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn tó rí wa, ó ní ẹnì kan ti gbà á. Kò bú wa o, Bàbá. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní ká rọra sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé àtẹ̀gùn ń yọ̀.

Ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù ni a ti pàdé Reverend Haddow. Òyìnbó arúgbó kan ni wọ́n, wọ́n ga, èjìká wọn sì ti tẹ̀ díẹ̀, kóòtù wọn já ní ìgbọ̀nwọ́. Títí ń sunkún. Wọ́n béèrè bóyá a ti pẹ́ níbẹ̀, mo sì ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, bóyá nítorí pé ó ti rẹ̀ mí jù láti pa á mọ́ra. Wọ́n gba nọ́ńbà onílé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn wa, wọ́n lo fóònù ibẹ̀.

“Ilé náà ṣì ṣófo,” ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n jáde. “Ó ní kí n wá wò ó lónìí. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?”

Ọkọ mi mi orí. “A dúpẹ́, sà. A ò fẹ́ wàhálà.”

“Mo mọ̀,” ni Reverend wí. “Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ mú un wá. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé.”

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n bá wa kọ ìwé, wọ́n bá wa jókòó nínú ọ́fíìsì títí, wọ́n tún bá wa lọ nígbà kejì. Ẹjọ́ náà falẹ̀. Kí onílé náà tó gbà pé òun máa gbà wá sílé, a ti rí basement yìí nílé obìnrin kan tó wà nínú ìjọ Reverend, Mrs. Pruitt. Tọkọtaya ará Ghana kan ló padà gbé ilé ọ̀hún. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá tí mo rí aṣọ wọn lórí okùn, inú mi máa ń dùn díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá mọ irú ẹni tí Reverend jẹ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ń wọ́de ní ìhà gúúsù kí wọ́n lè dìbò, kí wọ́n sì lè jókòó síbi tó bá wù wọ́n, Reverend bá wọn lọ. Ọlọ́pàá lù wọ́n níbẹ̀, etí wọn òsì ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ látìgbà náà. Nígbà tí ogun Vietnam dé, wọ́n kọ̀, wọn ò gbàdúrà ìṣẹ́gun fún ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Ìjọ wọn ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sá fún iṣẹ́ ológun wá sí Canada, bí wọ́n ṣe dé Calgary nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí rèé. Ìjọ Unitarian ni ìjọ wọn. Mo lọ síbẹ̀ ní Sunday kan láti lọ dúpẹ́, mo jókòó sẹ́yìn. Mo ń retí kí wọ́n pe orúkọ Mẹ́talọ́kan, ẹnikẹ́ni ò pè é. Mo ń retí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, èyí tí ẹ̀yin máa ń dijú kà níwájú ìjọ, n ò gbọ́ ọ. Wọ́n tan àtùpà kan, wọ́n kọrin, Reverend sì sọ̀rọ̀ nípa bọ́ǹbù àti nípa aládùúgbò ẹni. Nígbà tí mo ń padà sílé, mo ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ náà fúnra mi nínú bọ́ọ̀sì, láì la ẹnu, kí ẹ má baà bínú. Mo tún lọ ní Sunday tó tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ bínú? Bí mo bá ṣe ń lọ tó ni mo ṣe ń ka tiwa nínú bọ́ọ̀sì tó. Mi ò mọ orúkọ tí ẹ máa pe irú ìyẹn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ríṣẹ́ nínú ilé wa, ní ilé iṣẹ́ kan ní Foothills Industrial. Tábìlì gígùn kan la máa ń jókòó sí, tí a ó máa fi irin gbígbóná yọ́ òjé, tí a ó fi máa lẹ àwọn wáyà tín-ín-rín mọ́ pátákó kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Obìnrin ará Vietnam kan tó ń jẹ́ Lien ló jókòó tì mí. Ọkọ̀ ojú omi ló fi sá kúrò nílùú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa mú irin náà tí kò fi ní jó mi. Owó ibẹ̀ dáa, wọ́n sì ń sanwó ìtọ́jú eyín ọmọ ẹni. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n ń fi pátákó náà ṣe fún wa, àwa náà ò béèrè.

Ìwé ìròyìn ló sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ wá dán missile kan, bọ́ǹbù tó ń fò fúnra rẹ̀, wò ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ wa, àti pé díẹ̀ lára ohun inú rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ Calgary ló ń ṣe é, tiwa sì wà níbẹ̀. Foreman wa, Lorne, kò sẹ́. Ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Fúráìdè tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, mo rí àwọn èèyàn tó gbé pátákó tí wọ́n kọ ‘A ò fẹ́ missile’ sí dání lẹ́nu géètì wa. Mo mọ̀ wọ́n. Mrs. Pruitt wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò kọfí rẹ̀. Reverend dúró láàárín wọn, yìnyín ti bo ìpéǹpéjú wọn. Wọn ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rédíò ni mo sọ fún wọn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe rò. Wọ́n wò mí, wọ́n wo báàjì tó wà láyà mi.

“Ẹ káàárọ̀,” ni Reverend wí. Èmi ni mo kọ́ wọn. Ẹnu wọn kì í gbé e dáadáa.

“Ẹ káàárọ̀ o, sà,” ni mo dáhùn, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ wa. Mo gba àárín wọn kọjá, mo wọlé.

Lorne ti rí i. Ó béèrè pé ta ni bàbá yẹn. Mo ní pásítọ̀ mi ni. Kò tíì tó àkókò oúnjẹ tí ọ̀gá àgbà fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ṣe mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ò bá mi jà, ó ní òun mọ̀ pé èmi nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Ó kàn ní bí mo bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí n máa sọ fún Lorne.

“N ò lè ṣe ìyẹn, sà,” ni mo wí.

“Ronú sí i.”

“Mo ti rò ó.”

Ó ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi. Lien ti bá mi tan irin mi.

Mo lọ bá Reverend ní ọ́fíìsì wọn ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n po tíì fún mi, wọ́n gbàgbé láti fi ṣúgà sí i. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Ṣùgbọ́n ó wù yín.”

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. “Ó wù mí kí ilé iṣẹ́ yẹn máa ṣe nǹkan mìíràn. Kò wù mí kí ebi pa Títí. Méjèèjì ni mo fẹ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀.” Wọ́n nu gíláàsì ojú wọn. “Ó ti rẹ̀ mí. Ọlọ́pàá kọ́ ló ń dá èèyàn lágara. Kéèyàn máa jí láràárọ̀ kó tún lọ dúró ni.”

Ìgbà yẹn ni mo sọ̀rọ̀ yín fún wọn. Mo sọ fún wọn pé wọ́n kó yín lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler, pé ẹ padà dé, ẹ di akọ̀wé kóòtù, ẹ sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ ò sọ ohun tí ojú yín rí lọ́hùn-ún fún wa títí ẹ fi kú. Mo sọ fún wọn pé bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá gbé igi léjìká tí wọ́n ń fi í yìnbọn fún ara wọn, ẹ máa ń gba igi náà, ẹ máa ń ṣẹ́ ẹ sí kéékèèké, ẹ ó sì kó o sábẹ́ ìkòkò.

“Ṣé bàbá yín máa ń bínú?” ni Reverend béèrè.

“Rárá. Wọ́n máa ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣẹ́ ewúro.”

Reverend dìde. Wọ́n bá mi wá ṣúgà.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má máa dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, nítorí pé n ò lè máa gba àárín wọn kọjá lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n gbà. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀sán ni wọ́n ń wá, nígbà tí gbogbo wa ti wà nínú ilé. Mrs. Pruitt ló sọ fún mi lẹ́yìn oṣù kan pé àwọn ìjọ ń kùn. Wọ́n ní kí ni àǹfààní kéèyàn máa dúró nínú òtútù níwájú ògiri tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Reverend ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Èyí dùn mí ju bí wọn ì bá ṣe bú mi lọ. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní kí wọ́n padà sí àárọ̀.

Ní Fúráìdè náà, mo wọ bọ́ọ̀sì tó ṣáájú èyí tí mo máa ń wọ̀. Mo dúró tì wọ́n. Mi ò gbé pátákó, mi ò sì kọrin. Mo kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reverend pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ mi lọ́wọ́. Nígbà tí agogo dún, mo kí wọn, mo wọlé lọ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é ní gbogbo Fúráìdè. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ university kan láàárín àwọn tó ń dúró bi mí pé báwo ni mo ṣe lè dúró síta kí n tún wọlé. Mo sọ fún un pé n ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Lien ní tirẹ̀ ní orí mi ò pé, ó sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá, ṣé ẹ rí mi lẹ́nu géètì náà? Kí lẹ rò?

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán missile náà wò kù sí dẹ̀dẹ̀, Reverend àti àwọn mélòó kan jókòó sójú títì níwájú lọ́rì tó fẹ́ jáde. Mo ti wọlé nígbà yẹn. Lien ló lọ wò ó wá fún mi, ó ní ọlọ́pàá mẹ́rin ló gbé bàbá mi. Bàbá mi ni ó pe Reverend. Adájọ́ ní kí wọ́n sanwó ìtanràn, wọ́n ní àwọn ò san, wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí Reverend jáde, wọ́n ń tiro.

Missile náà fò ṣá. Rédíò ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ bí a ti ń yọ́ òjé lọ́wọ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Lorne yí rédíò náà síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ hockey.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àgbà ìjọ ní kí Reverend fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ epo ni púpọ̀ nínú wọn wà, ẹ̀rù ń bà wọ́n fún iṣẹ́ tiwọn náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ọlọ́pàá yìí sì ti sú wọn. Kò sí ìjà. Wọ́n se àsè fún Reverend, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin Reverend tó wà ní Vancouver ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, wọ́n wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Mo se ìrẹsì, mo dín ata kù, síbẹ̀ ó ta wọ́n.

Títí jókòó, ó ń wò wọ́n. “Did you win?” ló béèrè.

Bàbá rẹ̀ bá a wí, ṣùgbọ́n Reverend gbé ọwọ́ sókè. “No,” ni wọ́n wí.

“So are you going to stop?”

Wọ́n rò ó bí ẹni pé àgbàlagbà ló bi wọ́n. Wọ́n ní géètì wà ní Vancouver náà, àmọ́ àwọn á kọ́kọ́ sinmi díẹ̀. Nígbà tí mo sìn wọ́n jáde, wọ́n dì mọ́ mi. Egungun wọn fẹ́lẹ́, bíi tiyín nígbà tí mo ń kúrò nílé. Wọn ò ní kí n máa bá iṣẹ́ àwọn lọ. Wọ́n kàn ní kí n kí Lien.

Ọjọ́ Mọ́ńdè yìí ni Lorne pè mí. Ó ní iṣẹ́ ti dín kù, pé wọ́n ń dá àwọn kan dúró, pé kì í ṣe nítorí Fúráìdè. Ó lè jẹ́ òótọ́. Èmi nìkan kọ́ ló kàn. Mo kó irin mi fún un, mo mú kádígàn mi, Lien sì di apá mi mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ò bá mi wí. Ó ní a óò rí i bí a ṣe máa ṣe é. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí mo jí lásìkò tí mo máa ń jí, mo wọṣọ, mo mú Títí dé ilé ìwé, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Foothills Industrial. N ò mọ ìdí rẹ̀. Chinook ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Mrs. Pruitt àti ọmọ university yẹn nìkan ni mo bá níbẹ̀. Pátákó kan ṣẹ́ kù tí kò sẹ́ni tó máa gbé e, mo gbé e.

Lien sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó rí mi, ó dúró. Ó ka ohun tó wà lára pátákó náà, tàbí ó ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wá tú báàgì oúnjẹ rẹ̀, ó mú ọsàn kan jáde, ó fi sínú àpò kóòtù mi nítorí pé ọwọ́ mi ò ṣófo.

“Fúráìdè tó ń bọ̀ ńkọ́?” ló béèrè.

“Màá wá.”

“Ó dáa.” Ó wo géètì, ó tún wò mí, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó sì kọrí sí géètì.

Agogo sì dún. Àwọn tó kù ti wọlé tán. Bàbá mi, n ò bínú sí i. Ṣé bí inú Reverend ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí mo bá yí ẹ̀yìn sí wọn? Mo dúró sójú títì pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tó sì wà lọ́kàn mi ni pé kí Lien sáré, kí ó tètè wọlé, kí wọ́n má baà gé nínú owó rẹ̀.

Ọmọ yín obìnrin ni, tó ń bá yín sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tó bá ń fọ abọ́, tó sì fẹ́ràn yín bí ẹ ò tilẹ̀ dáhùn.